Ìwé ìṣirò ọdọọdún àwọn báńkì orí NGX: ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa kà á

Ìwé ìṣirò ọdọọdún tí báńkì tó wà lórí Ọjà Ṣíà Nàìjíríà, NGX, ń gbé jáde la fẹ́ yẹ̀ wò níbí, bí ẹni ń yẹ ọjà wò kó tó sanwó. Wọn kì í gba owó lórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ló wà lórí ìkànnì báńkì àti ti NGX, PDF tó sábà máa ń ju 200 ojú ìwé lọ. Láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò bá parí ló gbọ́dọ̀ jáde. Èyí tó ń jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tí ọ́dítọ̀ kì í sábà fọwọ́ kàn, 30 ọjọ́ ló ní.

Ìbéèrè kan ṣoṣo la fi dán an wò. Bí àwọn ọ̀gá báńkì bá ń tẹ́ èrè, tí wọ́n ń bù kúrò lórí ọdún tó dára, tí wọ́n ń fi í bo ihò ọdún tí kò dára, kí ìlà èrè lè máa gòkè jẹ́ẹ́jẹ́ láìsí kòtò, ṣé oníṣíà lásán lè rí i nínú ìwé yìí? Ó lè rí i. Àmọ́ kò ní rí i lára ojú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní àwọ̀ mèremère. Ọ̀rọ̀ alága, ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà, àwọn àwòrán òpó tó ń ga sí i lọ́dọọdún: máàkì 1 nínú 5. Àwọn nóòtù ẹ̀yìn, níbi tí lẹ́tà ti kéré tí ojú ń dunni: máàkì 4.

Kí a má ṣi ara wa gbọ́: títẹ́ èrè yàtọ̀ sí kíkọ owó tí kò wọlé sílẹ̀ pé ó wọlé. Ìyẹn jìbìtì ni. Èyí dà bíi ti àgbẹ̀ tó ń kó àgbàdo sí àká lọ́dún tí òjò rọ̀ dáadáa, tó sì ń yọ ọ́ lọ́dún ọ̀dá, tí ará ọjà kò fi mọ̀ pé ọ̀dá dá oko rẹ̀. Kò sófin tó ní kí àgbẹ̀ má ní àká. Ẹni tó fẹ́ ra oko náà ló yẹ kó mọ èwo nínú àgbàdo orí igbá ló jẹ́ tọdún yìí.

Àká ńlá tí báńkì ní

Owó ìyàsọ́tọ̀ gbèsè ni: iye tí báńkì ń yọ kúrò nínú èrè ọdún nítorí lóònù tó lè má padà wá. Nínú gbogbo ìlà ìwé ìṣirò, òun ló tóbi jù nínú àwọn tó dúró lórí èrò ọkàn ènìyàn. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ní ìwé ẹ̀rí, owó dísẹ́ẹ̀lì ní rìsíìtì, àmọ́ kò sí rìsíìtì fún gbèsè tí a rò pé yóò bàjẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Láti 2012 tí àwọn ilé iṣẹ́ orí ọjà ṣíà ti ń lo IFRS, ìlànà ìṣirò owó tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ń lò, báńkì ní láti dúró kí àmì ìbàjẹ́ yọ lára lóònù kó tó yọ owó sọ́tọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 2018, IFRS 9, apá ìlànà náà tó kan lóònù, yí i padà: ọjọ́ tí ẹ bá yá ènìyàn lówó gan-an ni kí ẹ ti yọ nǹkan sọ́tọ̀. Lóònù tó ń lọ déédéé wà ní Ìpele 1, àdánù tó lè wáyé láàárín oṣù 12 ni wọ́n ń ṣírò fún un. Bí ewu rẹ̀ bá ti pọ̀ ju ti ọjọ́ tí wọ́n yá a lọ, ó di Ìpele 2, àdánù títí dé òpin lóònù ni wọ́n ń ṣírò. Èyí tó ti bàjẹ́ wà ní Ìpele 3. Ìlànà náà gbà pé ẹni tó jẹ gbèsè kọjá 30 ọjọ́ ti wọ Ìpele 2, tó bá kọjá 90 ọjọ́ ó ti wọ Ìpele 3, àfi bí báńkì bá ní ẹ̀rí tó yàtọ̀. Gbólóhùn “àfi bí” yẹn ni ilẹ̀kùn àká.

Ilẹ̀kùn kejì wà níbi tí wọ́n ti ń ro bí ọrọ̀ ajé yóò ṣe rí. Báńkì máa ń ya ipò mẹ́ta: bí nǹkan bá lọ bó ṣe ń lọ, bó bá sàn, bó bá burú. Wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n. Ká fi àpẹẹrẹ tí a dá fúnra wa wò ó. Ká ní àdánù jẹ́ ₦10 bílíọ̀nù ní ipò déédéé, ₦7 bílíọ̀nù ní ipò tó sàn, ₦20 bílíọ̀nù ní ipò tó burú. Bí ìwọ̀n bá jẹ́ 60%, 20% àti 20%, owó ìyàsọ́tọ̀ jẹ́ ₦11.4 bílíọ̀nù. Ẹ sọ ọ́ di 50%, 10% àti 40%: ó di ₦13.7 bílíọ̀nù. ₦2.3 bílíọ̀nù ti kúrò nínú èrè, bẹ́ẹ̀ oníbàárà kan kò tíì kùnà láti san gbèsè. Lọ́dún tí wọ́n bá fẹ́ èrè padà, wọ́n á dá ìwọ̀n sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Inú nóòtù tó ń sọ̀rọ̀ nípa “credit risk” ni ìwọ̀n wọ̀nyí máa ń wà. Ẹ fi ti ọdún yìí síwájú ti èṣí. Bí ìwọ̀n bá yí, tí àlàyé kò ju ìlà kan lọ, ẹ fa igi sí i.

Ibi tí ìwé yìí ti ń ṣe dáadáa jù nìyí: ìlànà fi dandan lé e pé kí wọ́n fi hàn bí owó ìyàsọ́tọ̀ ṣe rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí, ní ìpele-ìpele. Iye lóònù tó kúrò ní Ìpele 1 lọ sí 2, tó ti 2 padà sí 1, tí wọ́n pa rẹ́, gbogbo rẹ̀ wà nínú tábìlì kan. Lóònù ńlá tó padà láti Ìpele 2 sí 1 nígbà tí owó èlé ń ga tí náírà ń já, ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni, àmọ́ ìbéèrè tó tọ́ láti gbé dìde ní ìpàdé oníṣíà nìyẹn, dípò ìbéèrè nípa ìpápánu tí wọn kò pín kárí.

Ìwé kejì tí CBN ń kọ

Nǹkan kan wà nínú ìwé báńkì Nàìjíríà tí kì í sí nínú ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì wúlò gan-an. CBN, báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè, ní ìlànà tirẹ̀ láti 2010, kò sì gba “a rò pé” kankan. Lóònù lásán tó ti kọjá 90 ọjọ́ títí dé 180, 10% ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀. Láti 180 dé 360, 50%. Tó bá ju 360 lọ, gbogbo rẹ̀. Bí iye tí CBN ní kí wọ́n yọ bá ju iye IFRS lọ, báńkì kò ní fi ìyàtọ̀ náà dín èrè kù. Láti inú èrè tó ti kó jọ ni yóò ti gbé e sínú àpò tí wọ́n kọ “regulatory risk reserve” sí, owó àpò yẹn kò sì ṣeé pín fún oníṣíà.

Ẹ wo lóònù ₦100 mílíọ̀nù tí ẹni tó yá a kò san fún 200 ọjọ́. Ti CBN jẹ́ ₦50 mílíọ̀nù. Báńkì sọ pé ilé tí ẹni náà fi dógò dára, ₦30 mílíọ̀nù péré ni òun yóò pàdánù. ₦20 mílíọ̀nù lọ sínú àpò. Èrè tí ìwé ìròyìn gbé jáde kò mọ̀ nípa rẹ̀, àmọ́ tábìlì tó ń fi ìyípadà owó oníṣíà hàn mọ̀. Nítorí náà, báńkì tí èrè rẹ̀ ń gòkè, tí àpò yìí sì ń wú lọ́dọọdún, ń sọ fún yín pé òun nírètí ju CBN lọ. Kí a gbóríyìn fún àwọn tó ń tẹ ìṣirò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú nóòtù kan. Àwọn kan ń ṣe é, àwọn kan ń jẹ́ kí ẹ wá a.

Bí a ṣe ń dán an wò

Ìwọ̀n Eckel, tí wọ́n fi ń wo bí èrè ṣe tẹ́jú tó, ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń kọ́ ìṣirò owó. Ọdún mẹ́fà lẹ nílò, kí ìyàtọ̀ ọdún sí ọdún lè jẹ́ márùn-ún. Ẹ mú àpapọ̀ owó tó wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní “gross earnings”, àti èrè lẹ́yìn owó orí. Ẹ kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi yàtọ̀ sí ti èṣí. Nínú Excel, ẹ fi STDEV.S wá ìyapa àwọn ìyàtọ̀ náà, ẹ fi AVERAGE wá iye àárín wọn, ẹ pín ìyapa pẹ̀lú iye àárín. Ẹ ṣe é fún èrè, ẹ ṣe é fún owó tó wọlé, kí ẹ wá pín ti èrè pẹ̀lú ti owó tó wọlé. Bí èsì kò bá tó 1, èrè tẹ́jú ju iṣẹ́ tó bí i lọ.

Ká ní owó tó wọlé jẹ́ 100, 120, 130, 165, 170, 210, tí èrè jẹ́ 20, 23, 26, 30, 33, 37. Ìyàtọ̀ owó tó wọlé jẹ́ 20, 10, 35, 5, 40: iye àárín 22, ìyapa 15.25, èsì 0.69. Ìyàtọ̀ èrè jẹ́ 3, 3, 4, 3, 4: iye àárín 3.4, ìyapa 0.55, èsì 0.16. Ẹ pín in: 0.23. Owó ń fò bí ìgalà, èrè ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ibi tí ènìyàn ti sábà ń ṣì í ṣe: kọ̀lọ́mù “Group” (báńkì pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀) àti kọ̀lọ́mù “Bank” (báńkì nìkan) wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ má ṣe mú ọdún kan níhìn-ín, ọdún kan lọ́hùn-ún. Bákan náà, àwọn báńkì kan ti bọ́ sábẹ́ ilé iṣẹ́ adìmú, “holding company”: Guaranty Trust di GTCO ní 2021, Access di Access Holdings ní 2022. “Group” ti òde òní lè ní ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì nínú, tí ti àtijọ́ kò ní. Bí iye àárín bá sún mọ́ òdo, nítorí pé èrè gòkè tó tún já, èsì yóò fò sókè láìnídìí. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́dún bẹ́ẹ̀. Bí iye àárín bá sì wà nísàlẹ̀ òdo, ẹ yọ àmì ìyọkúrò rẹ̀ kí ẹ tó pín.

Ìwọ̀n yìí kò sọ ẹni tó tẹ́ èrè, ó kàn sọ pé ó tẹ́jú ni. Ìdánwò kejì ló ń sọ ọwọ́ ẹni. Ẹ dá owó ìyàsọ́tọ̀ ọdún padà sórí èrè kí owó orí tó kúrò, kí ẹ rí èrè tó wà kí wọ́n tó kan àká. Ẹ wá fi Ìpele 3 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àpẹẹrẹ: lọ́dún àkọ́kọ́, èrè ṣáájú àká jẹ́ 50, ìyàsọ́tọ̀ 18, ó ku 32, lóònù Ìpele 3 jẹ́ 20. Lọ́dún kejì, èrè ṣáájú àká já sí 38, ìyàsọ́tọ̀ 5, ó ku 33. Lóònù Ìpele 3 ti di 26. Gbèsè tó bàjẹ́ ń pọ̀, ìyàsọ́tọ̀ ń dín, èrè sì fi 1 péré gòkè. Bí a bá rí irú èyí nínú ìwé kan, a kì í nílò Eckel mọ́.

Kí ló ń sún wọn dé ibẹ̀?

Àwọn ìwé ìwádìí máa ń to okùnfà jọ bí ẹni to ọjà sórí tábìlì: bí báńkì ṣe tóbi tó, èrè rẹ̀, gbèsè rẹ̀, ọ́dítọ̀ rẹ̀, ìpín tí àwọn ọ̀gá ní. Lójú tiwa, ní Nàìjíríà, dífídẹ́ǹdì, ìyẹn èrè tí wọ́n ń pín fún oníṣíà, àti ààlà CBN ló wúwo jù, títóbi ló sì fúyẹ́ jù. Èsì lórí títóbi kì í bára mu láti ìwádìí kan sí èkejì.

Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Báńkì tí lóònù rẹ̀ tó bàjẹ́ bá ju 10% gbogbo lóònù lọ, ìlànà CBN kò gbà á láàyè láti san dífídẹ́ǹdì rárá, ìwọ̀n tí CBN sì fẹ́ kò ju 5% lọ. Owó ìdáàbòbò, tí wọ́n ń fi wé ewu tó wà lọ́rùn báńkì, kò gbọdọ̀ dín sí 15% fún báńkì tó ní àṣẹ òkèèrè, 10% fún ti inú orílẹ̀-èdè. Ẹni tó wà ní 10.4% lórí gbèsè tó bàjẹ́ ní ìdí tó pọ̀ láti rí lóònù kan tí “ara rẹ̀ ti yá”. Ẹni tó wà ní 3% kò ní ìdí kankan, òun ló sì máa ń kó àgbàdo sí àká. Nítorí náà, ẹ wo bí báńkì ṣe jìnnà sí ààlà kí ẹ tó wo èrè rẹ̀. Oníṣíà Nàìjíríà náà ní ẹ̀bi tirẹ̀: ọ̀pọ̀ ló ra ṣíà báńkì nítorí dífídẹ́ǹdì nìkan, ọdún tí ó bá dín ni ariwo ń sọ ní ìpàdé. Àwọn ọ̀gá mọ̀.

Títà ṣíà tuntun tún jẹ́ okùnfà tó lágbára. Nígbà tí CBN ní oṣù Kẹta 2024 ní kí báńkì tó ní àṣẹ òkèèrè ní owó ìpìlẹ̀ ₦500 bílíọ̀nù, ti inú orílẹ̀-èdè ₦200 bílíọ̀nù, kó tó kọjá ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2026, owó tí oníṣíà san wọlé nìkan ni ó kà. Èrè tí wọ́n ti kó jọ kò wọ inú rẹ̀. Kò sí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ wọn ju kí wọ́n jáde lọ ta ṣíà, ìlà èrè tó ń gòkè láìsí kòtò sì ni ohun tó ń tà á.

Ọ̀gá tuntun ní ìṣe tirẹ̀, òdìkejì títẹ́ ni. Ọdún mẹ́wàá ni CBN fi ààlà sí fún ọ̀gá àgbà báńkì láti 2010. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àga lè gbá gbogbo ìdọ̀tí jáde lọ́dún àkọ́kọ́, kí ẹ̀bi rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kúrò, kí ọdún kejì sì dára bí ẹni ṣe idán. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n yan ọ̀gá kí ẹ tó yìn ín. Owó orí, tí àwọn ìwádìí ilẹ̀ òkèèrè máa ń tẹnu mọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára níbí: èlé bọ́ńdì ìjọba àpapọ̀, tó jẹ́ oúnjẹ ńlá fún báńkì, kì í san owó orí.

Ọdún dọ́là

2023 da gbogbo ìṣirò rú. Náírà bẹ̀rẹ̀ ọdún náà ní nǹkan bíi ₦461 sí dọ́là kan lójú ọjà ìjọba, ó parí rẹ̀ ní nǹkan bíi ₦907. Báńkì tó ní dọ́là ju gbèsè dọ́là rẹ̀ lọ kàn jókòó ni, èrè sì wọlé. Nínú ìwé 2023, ẹ wá ìlà “foreign exchange revaluation gain” nínú nóòtù owó mìíràn tó wọlé, kí ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó ṣe ìṣirò Eckel, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọdún kan yóò gbé gbogbo ìyapa mì.

Ibi tí ẹ ó ti rí àká nìyí o. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, CBN ní kí wọ́n má fi èrè dọ́là yìí san dífídẹ́ǹdì tàbí ìnáwó ojoojúmọ́, kí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ burúkú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin fi owó orí 70% lé èrè pàṣípààrọ̀ tó ti wọlé lọ́wọ́. Èrè tí a kò lè pín, tí ìjọba tún ń wò, kí ni ọlọ́gbọ́n yóò fi ṣe? Yóò fi í bo gbèsè tó ti ń jẹrà nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí i tí èrè dọ́là àti owó ìyàsọ́tọ̀ jọ fò sókè nínú ìwé kan náà, ìṣòro ni láti mọ̀ bóyá ìmọ́tótó ni tàbí ìkójọ. Tábìlì Ìpele 3 ló ń là á. Bí Ìpele 3 bá gòkè pẹ̀lú wọn, ìmọ́tótó ni. Bó bá dúró sójú kan, wọ́n ń kó jọ.

Ní oṣù Kẹfà 2025, CBN dá dífídẹ́ǹdì dúró fún àwọn báńkì tó ṣì wà lábẹ́ àánú rẹ̀ lórí lóònù kan. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó wá nínú PDF ni “forbearance”. Lóònù tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè máa jẹ́ Ìpele 2 nínú ìwé nígbà tí ara rẹ̀ ti wà ní Ìpele 3.

Báńkì tí kì í gba èlé ní àká tó ṣí sílẹ̀ gbangba: “profit equalisation reserve”, tí wọ́n fi ń mú kí èrè tí wọ́n pín fún oníbàárà má máa fò. CBN fún wọn ní ìlànà lórí rẹ̀. Àwa fẹ́ràn èyí ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí pé orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ojú ìwé ọ́dítọ̀

Ẹ má kàn wo bóyá wọ́n fọwọ́ sí i. Láti ìparí 2016 ni ọ́dítọ̀ ti ní láti sọ ohun tó fún wọn níṣòro jù, lábẹ́ àkọlé “key audit matters”, ìyàsọ́tọ̀ gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Iṣẹ́ yẹn dára. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń dà kọ láti ọdún dé ọdún. Ẹ gbé ti èṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tọdún yìí. Gbólóhùn tuntun kan ṣoṣo tí ẹ bá rí ló níye lórí. Máàkì 3.

Àkópọ̀ ọdún márùn-ún tó wà ní ìparí ìwé ni ọ̀pọ̀ ń sáré lọ bá, nítorí pé ó kúrú. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Ìyípadà ńlá tí IFRS 9 mú wá ní 2018 lọ tààrà sínú owó oníṣíà, kò gba inú èrè kọjá, nítorí náà ìlà èrè nínú àkópọ̀ tó bá kan ọdún yẹn kò ní fi hàn rárá. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ “restated”, ìyẹn ni pé wọ́n ti tún iye náà kọ, lórí kọ̀lọ́mù èṣí. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ gba ìwé èṣí fúnra rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ fi iye méjèèjì wé ara wọn kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú Excel. Àwọn PDF mìíràn lórí ìkànnì NGX sì jẹ́ fọ́tò tí wọ́n yà, tí Ctrl+F kì í rí ọ̀rọ̀ kankan nínú wọn; èyí tó wà lórí ìkànnì báńkì fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ṣeé wá.